Jẹ́ẹ̀nì ń ṣiṣẹ́, bátìrì sólà ò kún: kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Àjàní Mọníyà

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, epo fẹ́ẹ̀ jẹ owó mi tán.

Ibi tí mo kọ́lé sí, ẹ̀yìn Mọníyà n'Íbàdàn ni, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibi tí ọ̀dà parí sí. Òpó iná kankan ò tíì débẹ̀, ó ń bọ̀ ó ń bọ̀ ni wọ́n ń wí látìgbà tí mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti wọ pámárì báyìí. Ìdí tí mo fi ṣe sólà nìyẹn. Páńẹ́lì 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 450W, ínfátà 3kVA tó jẹ́ ti 24V, bátìrì tubular (bátìrì olómi) 4, 220Ah lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó ní méjì méjì. Ohun tó ń lò ni fírísà ìyàwó mi (ó ń ta ẹja àti omi tútù), fáànù 2, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, àti fóònù gbogbo àdúgbò tí wọ́n ń gbé wá ṣáájì tẹ́nì kan ò sì sanwó.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mi ò níṣòro, àfi kí n ṣáà máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́lì. Ṣùgbọ́n látìgbà tí òjò ti wọlé, pàápàá oṣù August yìí tí ojú ọ̀run rí bí ìgbà tí wọ́n da ìkòkò dé wa lórí, bátìrì kì í kún mọ́. Tó bá fi máa di aago 2 òru ínfátà á ti máa ké pìì pìì pìì, fírísà á kú, ìyàwó mi á jí mi bí ẹni pé èmi ni mo ní kójò máa rọ̀.

Mo wá ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n kọ 2.5kVA sí i lára. Aago 7 alẹ́ ni mo máa ń tàn án, ibi tí iná NẸ́PÀ ì bá gbà wọ ínfátà ni mo so ó mọ́. Ẹ wá gbọ́ nǹkan tó ń ṣe. Lọ́jọ́ míì ínfátà ò tiẹ̀ ní gbà á rárá, jẹ́ẹ̀nì á kàn máa dún lásán níta. Lọ́jọ́ tó bá gbà á, tí fírísà bá ti wọlé báyìí, jẹ́ẹ̀nì á máa hùn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì, gílóòbù á rẹ̀ wálẹ̀, ínfátà á dún tà! á já a sílẹ̀, jẹ́ẹ̀nì á ké sókè, ínfátà á tún gbà á, á tún já a sílẹ̀, bí wọ́n á ṣe máa bára wọn jà nìyẹn. Tó bá wá jàjà dúró, kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí ínfátà á fi já a sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ á kọ 27V, èmi á ní Ọlọ́run ṣeun ó ti kún, mo dẹ̀ pa jẹ́ẹ̀nì. Kó tó pé wákàtí kan tí mo padà lọ wò ó, 24.6V! Ni màá bá tún lọ fa okùn jẹ́ẹ̀nì.

Lítà 4 lójúmọ́. Ṣé bátìrì ló ti bàjẹ́ ni àbí wọ́n ta gbàrọgùdù fún mi? Wákàtí mélòó ló yẹ kí jẹ́ẹ̀nì fi ṣiṣẹ́ kí bátìrì tó kún?

Kò Sépo Mọ́

Ọ̀gá mi ẹ ta jẹ́ẹ̀nì yẹn kíá. Lítà 4 lójúmọ́, ká tiẹ̀ pè é ní 900 náírà lítà kan, 3,600 nìyẹn, 108,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 ni. Ẹ̀ ń fi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan àti ààbọ̀ jóná nínú táǹkì kékeré yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, dé 225 náírà fún yúnìtì kan ní April 2024 gbogbo ìlú pariwo, àmọ́ ẹni tó ń fi jẹ́ẹ̀nì kékeré ṣáájì bátìrì ń san ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ lórí yúnìtì kan, kò kàn sẹ́ni tó ń mú bíìlì wá bá a nílé ni. Ẹ ra páńẹ́lì 2 sí i, ẹ lọ sùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú

Kò Sépo, ṣé o ti ta ẹja rí? Tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn ò yọjú, o ò bá to páńẹ́lì dé ẹnu géètì, kí lo fẹ́ kó mú wọlé? Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ àdánù. Èmi ò lè ta jẹ́ẹ̀nì tèmi láé.

Ọ̀gá Àjàní, mo kàn fẹ́ bi yín léèrè ohun kan ni, ṣé ó dá yín lójú pé ẹnu ọ̀nà ìwọlé ni wọ́n so jẹ́ẹ̀nì mọ́? Torí ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá. Ọmọ kan tó ní òun mọ iná so jẹ́ẹ̀nì mi mọ́ wáyà tó ń jáde LÁTI ínfátà lọ sínú ilé, ó ní gbogbo ẹ̀ ṣáà jẹ́ iná. Ínfátà wà ní títàn, ó wá fa jẹ́ẹ̀nì. Gbàù kan péré ni. Èéfín kan jáde lẹ́nu ibi tí fáànù ẹ̀ wà, òórùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí irun bá jó, mo wà nídìí àwo panla tí mò ń kà, mo sáré jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọmọ yẹn ti dé ìta ṣáájú mi. Títí dòní ó ń sọ pé ínfátà ni ò dáa.

Oníwáyà Apata

Ìyá wa, ẹ kú ewu o. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn, ó ju mẹ́ta lọ tí mo ti lọ tú irú ẹ̀ lóṣù méjì yìí nìkan. Iná méjì ò gbọdọ̀ pàdé lórí wáyà kan, ì báà jẹ́ ínfátà pẹ̀lú jẹ́ẹ̀nì, ì báà jẹ́ NẸ́PÀ pẹ̀lú jẹ́ẹ̀nì. Àwọn tó ní NẸ́PÀ, ẹ jọ̀ọ́, changeover (ohun tó ń yí ilé láti orí iná kan sí òmíì) ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má ki plọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pé ẹ fẹ́ ti iná wọlé, ẹni tó gun òpó níta ló máa fara gbá a.

Ọ̀gá Àjàní, ẹ má tíì ra nǹkankan. Ẹ má sì tíì bú ẹni tó ta bátìrì fún yín. Ẹ lọ síbi ínfátà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Enter mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, yóò wọ setting. Ẹ bá mi ka ohun tó wà ní 01, 02, 03, 11, 12, 13 àti 16. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan o, ẹ kàn kà á ni.

Àjàní Mọníyà

Ọ̀gá ẹ ṣeun. Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì lọ kà á. 01 SBU. 02 60. 03 UPS. 11 60. 12 23.0. 13 27.0. 16 CSO. Ìyá wa, ìwọlé gan-an ni wọ́n so ó mọ́, mo ti tẹ̀ lé wáyà yẹn pẹ̀lú ìka mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Oníwáyà Apata

Ẹ̀n ẹ́n. Mo ti rí i. Kò sóhun tó ṣe bátìrì yín, ó kéré tán kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀. 11 yín wà ní 60, ìyẹn ni pé ẹ sọ fún ínfátà pé kó máa fa 60A láti ara jẹ́ẹ̀nì sínú bátìrì. 60A lórí 27V jẹ́ 1,620W, iye tó wọ bátìrì nìyẹn, iye tó ń kúrò lára jẹ́ẹ̀nì máa tó 1,900W torí díẹ̀ ń dà nù lọ́nà. Tí iná bá ti wọlé láti jẹ́ẹ̀nì, òun náà ló tún ń gbé gbogbo ilé, fírísà, fáànù, tẹlifíṣọ̀n. Jẹ́ẹ̀nì tí wọ́n kọ 2.5kVA sí lára, tẹ́ ẹ bá rí i kó gbé 2,000W fún wákàtí mẹ́ta láìráhùn, ẹ dúpẹ́. Tí fírísà bá ti ta báyìí, iná jẹ́ẹ̀nì á já wálẹ̀. 03 yín sì wà ní UPS, èyí tí kì í gba iná tó bá ti wà nísàlẹ̀ 170V, ó máa já a sílẹ̀ ni. Tó bá já a sílẹ̀, ẹrù kúrò lórí jẹ́ẹ̀nì, ọwọ́ ẹ̀ á gbéra sókè, ínfátà á rí i pé iná ti dáa, á tún gbà á. Ìjà tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ yí 03 sí APL, ìyẹn ń gbà láti 90V, ó ní sùúrù fún jẹ́ẹ̀nì. Ẹ yí 11 sí 40. Bátìrì yín méjì méjì yẹn, 440Ah ni lápapọ̀, ìdá mẹ́wàá ẹ̀ ló sì bá tubular lára mu, ìyẹn 44A, nítorí náà 40 ò pọ̀ ò kéré. 40A máa gba bíi 1,250W lára jẹ́ẹ̀nì, ilé á gba 300W, jẹ́ẹ̀nì á máa mí dáadáa. Tó bá ṣì ń hùn, ẹ fi sí 30.

Ẹ tún bi ẹni tó ń tún jẹ́ẹ̀nì yín ṣe bóyá ó ti fọwọ́ kan skúrù tó wà lára kábúrétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa yí i sókè kí gílóòbù lè mọ́lẹ̀. Jẹ́ẹ̀nì kékeré gbọ́dọ̀ yí bíi ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó mú 50Hz jáde, tí wọ́n bá ti mú un yára jù, ínfátà á ní òun ò mọ irú iná yìí rí.

Ó wá ku èyí tó ń tàn yín jẹ, 27V yẹn. Ẹ ti rí ẹlẹ́mu tó ń da ẹmu sínú akèrèǹgbè rí àbí? Tó bá dà á kíákíá, ìfófò á gòkè dé ẹnu, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ó ti kún. Ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, kó fófò ẹ̀ tán, ẹ máa rí i pé ẹmu tó wà níbẹ̀ ò tó ìdajì. 27V tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ìfófò ni. 60A ló ń rọ́ wọlé, bátìrì á kọ́kọ́ wú sókè. Ínfátà yín náà gbà pé ó ti kún torí ohun tí 13 sọ fún un nìyẹn: tó bá ti kan 27.0, já jẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ kó o padà sórí bátìrì. 24.6V tẹ́ ẹ wá rí lẹ́yìn náà, ẹmu gan-an nìyẹn.

Èyí tí kì í gbà á rárá ńkọ́? SBU tó wà ní 01 ló fà á. SBU túmọ̀ sí kó lo sólà, kó lo bátìrì, iná ìta ló kẹ́yìn, kò sì ní yíjú sí iná ìta àfi tí bátìrì bá já sí 23.0 tó wà ní 12. Lórí irú ínfátà yìí, tó bá ti ń lo bátìrì lọ́wọ́, jẹ́ẹ̀nì ò lè ṣáájì nǹkankan, oòrùn nìkan ló lè ṣe é. Ìdí tí jẹ́ẹ̀nì yín fi ń dún lásán nìyẹn, ẹ̀ ń jó epo fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè gbọ́ ariwo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan jẹ́ẹ̀nì, ẹ kọ́kọ́ yí 01 sí UTI. Tẹ́ ẹ bá pa á tán, ẹ dá a padà sí SBU. 13, ẹ fi sí FUL. 16, ẹ yí i kúrò ní CSO sí SNU, torí CSO, tó bá ti rí oòrùn bín-ín-tín báyìí, ó máa ní kí jẹ́ẹ̀nì sinmi, SNU ní kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣáájì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo oríṣi míì, ẹ wo ìwé tó bá a wá, nọ́ńbà lè yàtọ̀.

Àjàní Mọníyà

Ọ̀gá! Ẹni tó wá fi í, ó sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan setting láéláé, pé òun ti ṣe é tán. Ẹ ò tíì wá dá mi lóhùn lórí wákàtí o. Tí mo bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, láti aago 7 alẹ́ títí di aago mélòó?

Oníwáyà Apata

Ẹ̀ẹ́rí, mo gbàgbé. Kì í ṣe alẹ́ rárá. Ẹ má fi jẹ́ẹ̀nì kún bátìrì, ìyẹn gan-an ni ibi tí owó ń bá lọ. Bátìrì olómi, láti ìsàlẹ̀ títí dé bí ìdá 80 nínú 100, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fún un ló máa gbà, kò ní kọ̀. Ìdá 20 tó kù ló ń fi falẹ̀, ó máa dé bíi 28.8V, á dúró síbẹ̀, iye tó ń gbà á máa dín kù, 40, 25, 12, 8, ó lè lo wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rin yẹn jẹ́ẹ̀nì ń yí, epo ń lọ, bíi 250W ló ń gbé. Ẹni tó gbé tírélà lọ ra ata rodo ni.

Ẹ jẹ́ kí oòrùn ṣe ìyẹn. Nínú kùrukùru August, páńẹ́lì 1,800W yín ṣì lè mú 300 sí 400W wá lọ́sàn-án. Kékeré ni, kò lè gbé bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ pátápátá dìde, àmọ́ ohun tí ìdá 20 tó kẹ́yìn ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kékeré tó pẹ́. Ẹ tan jẹ́ẹ̀nì ní aago 5:30 àárọ̀, ẹ pa á ní aago 8. Wákàtí méjì ààbọ̀ lórí 40A, 100Ah ti wọlé nìyẹn. Oòrùn á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láti aago 9. Tẹ́ ẹ bá wá tàn án lálẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe, fírísà á fi òru jẹ ẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá bátìrì nísàlẹ̀, 300W oòrùn yẹn á wá máa ti ẹrù tí agbára ẹ̀ ò ká.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Èmi wà ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀. Gúrúùpù làwa ń pe jẹ́ẹ̀nì níbí. Tèmi kéré, bátìrì 12V kan tó jẹ́ 100Ah, páńẹ́lì kan. Mo rí i lára gúrúùpù mi pé ó ní ihò 12V DC, pupa àti dúdú, ṣé mo lè so bátìrì mọ́ ọn tààrà kí n má ra nǹkan míì? Epo náà ti wọ́n níbí, kpayo, epo tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀dọ̀ yín, tá a máa ń rí ní pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀, látìgbà tí ìjọba yín ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ló ti fò sókè.

Oníwáyà Apata

Ẹ lè so ó mọ́ ọn ṣùgbọ́n ẹ máa kábàámọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn, lórí ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀nì kékeré 8.3A ni. Tí bátìrì yín bá ti lọ dé ìdajì, 50Ah lẹ fẹ́ dá padà, wákàtí mẹ́fà nìyẹn fún ohun tí ò tó 110W, jẹ́ẹ̀nì yín ò sì ní jó epo díẹ̀ torí pé iṣẹ́ ẹ̀ kéré. Yàtọ̀ síyẹn kò sí nǹkan tó ń ṣọ́ ọn, tí bátìrì bá kún kò mọ bá a ṣe ń dúró, omi inú ẹ̀ á máa hó. Ẹ ra ṣájà bátìrì mọ́tò tó ń fúnni ní 15 tàbí 20A tó lè dá dúró fúnra ẹ̀, ẹ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 220V tó wà lára gúrúùpù.

Bàbá Ṣakí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ áńpù, ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tí wọ́n gbé jẹ́ẹ̀nì sí. Ìwọ Àjàní, níbo lò ń gbé e sí láago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ tí òjò ń rọ̀? Torí mo mọ ohun tí èèyàn máa ń ṣe. Ní 2011, òjò ń rọ̀, mo gbé tèmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo ní fèrèsé ṣáà ṣí sílẹ̀. Mo jókòó mò ń kàwé. Orí kọ́kọ́ ń fọ́ mi, mo rò pé awò ni. Ẹsẹ̀ mi wá ń ṣe mí bí i pé kì í ṣe tèmi mọ́. Ìyàwó mi tó ti sùn, mo pè é, kò dáhùn. Mo fi ìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ni mo fi ṣí i. Ọlọ́run ló ní a ò ní kú. Gáàsì tó ń bá èéfín jẹ́ẹ̀nì jáde, carbon monoxide, ò ní òórùn, ojú ò rí i, èéfín tó ń rùn yẹn kọ́ ló ń pa èèyàn. Ṣe àtíbàbà páànù kékeré kan fún un níta, jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọjú síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Má sì gbé e sínú yàrá bátìrì o, bátìrì olómi máa ń tú gáàsì jáde tó bá ń gba iná gidi, gáàsì yẹn ń gbaná.

Ìgbà mélòó lo ti ṣí ìdérí bátìrì yẹn látìgbà tó o ti rà á? Omi bátìrì tí wọ́n sè tí wọ́n sẹ́ ni kó o bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ọlọ́rá, kì í sì í ṣe ásíìdì. Lẹ́yìn tó bá ti gba iná tán lò ń bù ú, má bù ú kí o tó ṣáájì, á kún jáde. Ra hydrometer, kò wọ́n, ìgò kan tó ní rọ́bà lórí tí wọ́n fi ń fa omi bátìrì wò. Ojú ínfátà lè parọ́, ìyẹn kì í parọ́.

Kò Sépo Mọ́

Bàbá, ẹ kú orí're o. Mo gbà pẹ̀lú Oníwáyà lórí setting, mi ò jiyàn. Àmọ́ gbogbo wàhálà ìdá 20 yìí, ọ̀rọ̀ bátìrì olómi ni. Ẹ bá bátìrì lithium lọ. Kò bìkítà bóyá ó kún lónìí tàbí kò kún, ẹ̀ẹ́ kàn ṣáájì ẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, ẹ pa jẹ́ẹ̀nì, ẹ máa lọ.

Oníwáyà Apata

Òótọ́ lo sọ, ìyẹn ni ibi tí lithium ti ń gba owó ẹ̀ padà ní ilé tí wọ́n ti ń lo jẹ́ẹ̀nì. Kì í fi falẹ̀, ohun tó gbà nígbà tó wà ní ìdá 30 náà ló máa gbà nígbà tó wà ní ìdá 90. Ṣùgbọ́n má tan ọ̀gá, 48V 100Ah tí gbogbo ayé ń rà báyìí, ínfátà 24V ẹ̀ ò lè lò ó. Tí ẹ bá sì fún un ní 50A lórí 54V, 2,700W nìyẹn, jẹ́ẹ̀nì yẹn á kú kó tó pariwo. 25A ni ẹni tó ní jẹ́ẹ̀nì kékeré máa fún un. Ká jẹ́ kó lo ohun tó ní lọ́wọ́ ná.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n fi ti fírísà kún un. Ní àárọ̀ tí jẹ́ẹ̀nì bá ń ṣiṣẹ́ ni kí ìyàwó yín yí fírísà sí ibi tó tutù jù, kó sì kó ẹja tuntun sí i nígbà yẹn, kí gbogbo ẹ̀ dì gbagidi. Kó tó di alẹ́, ẹ yí i wálẹ̀. Mo máa ń kó omi ọlọ́rá tó ti dì sí ìsàlẹ̀ tèmi títí, tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà ẹja mi ò mọ̀.

Àjàní Mọníyà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo yí gbogbo setting bí ọ̀gá ṣe sọ. Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo fa jẹ́ẹ̀nì, ínfátà gbà á, tà kan péré, mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbora lọ́rùn, mò ń retí kó já a sílẹ̀, kò já a. Fírísà wọlé, jẹ́ẹ̀nì kàn rọra hùn lẹ́ẹ̀kan ó ń bá tiẹ̀ lọ. Mo pa á ní aago 8, ó ti dé 27.9V. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, láìsí oòrùn gidi kan, 28.7V. Aago 2 òru tí mo máa ń jí sí pìì pìì pìì, mo jí fúnra mi, mo lọ wò ó, 24.9V, fírísà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọjọ́ tí oòrùn bá yọ díẹ̀ mi ò tan jẹ́ẹ̀nì rárá. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yìí, ìgbà márùn-ún ni mo tàn án, lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní kí n kí Ìyá Ẹlẹ́ja dáadáa, omi ọlọ́rá yẹn ti wà nísàlẹ̀ fírísà.

Bàbá Ṣakí, mo ti kan àtíbàbà páànù sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìdáná ló wà tẹ́lẹ̀. Mo tún ra hydrometer yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún nígbà tí mo ṣí bátìrì, omi ti lọ sísàlẹ̀ àmì nínú méjì. Mo ti bù ú. Ihò 24 ni mo fà wò lánàá lẹ́yìn tó ti gba iná tán, kí n lè mọ bí omi inú wọn ṣe wúwo tó: èyí tó pọ̀ jù wà láàárín 1.230 sí 1.240, àmọ́ nínú bátìrì kẹta, ihò kejì láti ọ̀dọ̀ pósítífù, 1.170 ni. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 1.170. Kí ni ká ṣe sí ìyẹn?

Oníwáyà Apata

Ọ̀gá ẹ kú iṣẹ́, inú mi dùn gan-an. Èyí tó pọ̀ jù yẹn dáa, tubular tó ń wá láti Índíà, 1.240 sí 1.250 ni kíkún ẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára tiyín. Ihò 1.170 yẹn ló ń fa ọ̀rẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ó ti pẹ́ tí kò kún rí, funfun ti ń dì mọ́ òjé inú ẹ̀. Ẹ má tíì gbé e jù nù. Ní Sátidé tí oòrùn bá yọ, ẹ tan jẹ́ẹ̀nì láàárọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ yọ fírísà kúrò fún ọjọ́ yẹn (kẹ́ ẹ kó ẹja lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì), kí gbogbo ohun tí páńẹ́lì bá mú wá máa wọ bátìrì títí di ìrọ̀lẹ́, kó pẹ́ lórí 28.8V yẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì léra wọn. Kẹ́ ẹ fà á wò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kejì. Tó bá gòkè dé 1.200 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ń bọ̀. Tó bá ṣì jókòó sí 1.170, ẹ tú bátìrì kẹta yẹn àti ìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ so pọ̀ kúrò, ẹ lo méjì tó kù, kẹ́ ẹ yí 11 sí 20 kó má bàa pọ̀ jù fún wọn.

Àjàní Mọníyà

Ó yé mi. Sátidé tó ń bọ̀, ìyàwó mi ní àbúrò òun tó wà ní Òjòó ní fírísà. Màá padà wá.